Ṣé kí n ra oúnjẹ pamọ́ de omíyalé, àbí kí n di owó mi mú?

Ìyá Ìbejì Ìṣẹrí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìṣẹrí là ń gbé. Ilé wa kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀ là ń gbé, òpópónà méjì péré ló sì wà láàárín wa àti odò Ògùn. Lọ́dún tó kọjá omi wọ àgbàlá, ó gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó gun ìkejì, ó kù díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà kó tó fà sẹ́yìn. Àwọn tó wà ní òpópónà iwájú kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sùn káàkiri ilé ẹbí.

Àjọ kàn mí lóṣù yìí, ₦200,000. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n fi ra oúnjẹ pamọ́ kí òjò tó le: ìrẹsì àpò kan, ẹ̀wà ìlàjì àpò, gàrí, epo pupa, àti omi mímu. Bàbá àwọn ọmọ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní bí omi bá wọlé, ìrẹsì náà ni yóò kọ́kọ́ mu ún, pé kí n fi owó náà sílẹ̀ ní báńkì. Èmi náà sì ń rò ó pé bí omi bá dé tí ọjà ò ṣeé lọ, owó báńkì kò ṣeé sè.

Àwa mẹ́fà la wà nílé. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ìbejì jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin, ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Màmá ní àtọ̀gbẹ, ínsúlíìnì ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ni ẹ ṣe? Kí ni ẹ ì bá má ṣe?

Dípọ̀ Ọ̀tà

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lọ́kàn padà. Ẹ rà á.

Nígbà tí wọ́n sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́lé ní 2020 nítorí kòrónà, ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ó sì ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ ojúmọ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Ohun tó wà nílé kò la ọ̀sẹ̀ kìíní já. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni èmi àti ìyàwó mi ti ń mu gàrí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí àwọn ọmọ lè jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ kan wà tí ìyàwó mi tú àpò gàrí dé ìdí, ó fi ọwọ́ gbá èyí tó lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀ jọ, ó jọ̀ ọ́, ife kan àti ààbọ̀ ló jáde. Mo ń wò ó bó ṣe ń jọ̀ ọ́. N kò gbàgbé.

Láti ìgbà náà, àpò ìrẹsì kan kì í kúrò ní yàrá mi. Ní ti ẹ̀wà, ìgò oògùn kòkòrò kékeré kan ni mo máa ń ṣí sí àárín àpò. Ó di ọdún méjì, kòkòrò kan kò fọwọ́ kàn án. Ẹ ra bẹntiróòlù kẹ́ẹ̀gì méjì náà pamọ́ fún jẹnẹrétọ̀, torí ọjọ́ tí nǹkan bá dé, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ti máa rà á.

Àgbà Ìbàdàn

Ọmọ mi, ẹni tí omi ti gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí omíyalé. Mo ti gbọ́njú nígbà tí Ògùnpa ya ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, mo rí òkú tí wọ́n ń kó. Nítorí bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ni ẹni tó ń tọ́jú nǹkan. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé mi tí mo fi ṣe ilé ìṣúra: ìrẹsì àpò méjì, ẹ̀wà, èlùbọ́ nínú agbọ̀n, epo pupa kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, kẹrosíìnì kẹ́ẹ̀gì kan. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá òjò yẹn lọ ní Ìbàdàn. Ní tiwa, láàárín ìgbà tí ènìyàn fi lè se iṣu kan jinná, omi ti dé ìbàdí mi. A gbé àwọn ọmọ-ọmọ sórí àjà, a sì dúró síbẹ̀ di òwúrọ̀ nínú òkùnkùn, à ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń léfòó tó ń gbá ògiri.

Nígbà tí omi fà, mo ṣí yàrá yẹn. Kẹrosíìnì ti dà, ó ti bo ojú gbogbo nǹkan. Ìrẹsì ti wú, ó ti bẹ́ àpò. Èlùbọ́ ti di amọ̀ dúdú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọtí, òórùn rẹ̀ kò kúrò lára ògiri títí di ọdún Kérésì. A kò rí ife kan jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí a jẹ ni gàrí tí ìyàwó àkọ́bí mi fi sínú rọ́bà onídèérí kan tó gbé kọ́ sí ìṣó lókè ilẹ̀kùn.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ kò burú. Má kó owó àjọ rẹ sílẹ̀ fún omi.

Dípọ̀ Ọ̀tà

Bàbá, ẹ kú àjálù, ẹ sì kú orí ire. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ká má ra nǹkan. Ẹ̀yin fúnra yín jẹ gàrí tó wà lórí ìṣó. Tí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ará Odò Ògùn

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní etí odò yìí.

Ohun tí Dípọ̀ ń sọ àti ohun tí bàbá ń sọ kì í ṣe nǹkan kan náà. Àjálù kan wà tó máa ń sé ni mọ́lé, òmíràn wà tó máa ń lé ni jáde. Ti 2020, ó sé wa mọ́lé: ilé rẹ kò ní ohun tó ṣe é, ohun tí o bá ní nínú rẹ̀ ni wàá jẹ. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé gan-an lomi máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àti gbogbo ohun tí o bá kó sínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ ní Ìṣẹrí tó wá kó àpò ìrẹsì jọ, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí kò ní lè dìde nígbà tó bá yẹ kó dìde. Mo ti rí i. Mo rí ọkùnrin kan tó dúró ti àpò gàrí rẹ̀ títí omi fi dé orókùn, ọkọ̀ ojú omi ló wá gbé e.

Nǹkan kejì: ẹ má fi òjò orí yín mọ ìgbà tí omi ń bọ̀. Omi tiwa kì í ṣe òjò Ìṣẹrí nìkan. Ìdídò Ọ̀yán wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà Abẹ́òkúta. Bó bá ń kún, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tú omi sílẹ̀ kó má baà ya, odò Ògùn ni ó sì ń gbé e bọ̀ wá bá wa. Òjò lè dá ní ọ̀dọ̀ yín kí oòrùn máa ràn, kí omi sì máa ga. Bí ọ̀sà náà bá kún ní ìsàlẹ̀, omi kò rí ọ̀nà jáde, á padà sẹ́yìn sí Ajégúnlẹ̀, sí Owódé Onírin, sí ọ̀dọ̀ wa. Oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kí ẹ ṣọ́ra jù, nígbà tí àwọn ará Èkó ti ń rò pé òjò ti ń lọ.

Oore tó wà nínú rẹ̀ ni pé tiwa kì í sábà já lu ènìyàn lóru bí ti Ìbàdàn. Ó máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ẹ wá ibi tí ẹ óò lọ ní báyìí, kí ẹ bá onílé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí omi tó dé. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ìrẹsì lọ.

Ọmọ Ọjà Bódìjà

Dípọ̀, ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò tí o kọ sókè yẹn kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹ̀wà ni mò ń tà, ìyá mi náà tà á. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, jọ̀ọ́. Oògùn tí ń pa kòkòrò yẹn, dichlorvos, ó ń wọ inú ẹ̀wà lọ, fífọ̀ kò sì lè kó o kúrò. Ohun tó mú kí ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà láti 2015 nìyẹn. Láti 2019 ni NAFDAC sì ti ní kí wọ́n má ta ìgò rẹ̀ kéékèèké mọ́. Àwọn ọmọ rẹ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é láìsí oògùn. Kòkòrò ẹ̀wà nílò afẹ́fẹ́ bí èmi àti ìwọ. Àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀ púpọ̀ máa ń lo àpò onípele mẹ́ta: náílọ́ọ̀nù méjì nínú, àpò híhun lóde. O máa fún afẹ́fẹ́ jáde, wàá wá so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ní ti ilé, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó mọ́ tó sì gbẹ ti tó. Ẹ sá ẹ̀wà lóòrùn kó gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ẹ bá ti ń rọ ọ́ ni kí ẹ máa fi ìdí kẹ́ẹ̀gì gbá ilẹ̀ kó lè kì, kó kún dé ọrùn, kí àyè má ṣẹ́kù. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo ẹnu rẹ̀, ẹ dé e pinpin, ẹ yọ́ àbẹ́là yí ìdérí ká. Ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, torí bí ẹ bá ti ṣí i, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn. Ìyá mi kì í rí kẹ́ẹ̀gì, eérú igi tó jọ̀ ni ó máa ń pò mọ́ tirẹ̀, ata gbígbẹ sì máa ń wà lójú rẹ̀. Òun náà dáa, ṣùgbọ́n kì í tọ́jọ́ tó kẹ́ẹ̀gì.

Gàrí: ẹ ra èyí tó yan dáadáa, tó ń dún bí ẹ bá fọwọ́ bù ú. Ẹ̀pà àti àgbàdo: bó bá ti bu, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹ máa fọ̀ ọ́, májèlé tó wà nínú èébu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í pa á. Ohunkóhun tí ẹ bá sì tọ́jú, kí ó ní ìdérí tí eku kò lè já, torí ibà Lassa.

Kẹ́ẹ̀gì tí a ti dé báyìí, bí omi bá tilẹ̀ kàn án, ẹ̀wà inú rẹ̀ kò ní tutù. Àpò ni omi ń bá jà. Bàbá Ìbàdàn, ẹ dárí jì mí, kì í ṣe oúnjẹ pípamọ́ ló jẹ̀bi, ohun tí ẹ kó o sí ni.

Àgbà Ìbàdàn

Mo gbà fún ọ lórí kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n bí kẹ́ẹ̀gì yẹn bá wà nínú omi ìdọ̀tí, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó ṣí i. Ṣaláńgá àti pàǹtírí ló jọ ń ṣàn pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìṣẹrí

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ, ibi tí Ará Odò Ògùn ti sọ ti àjálù tó ń lé ni jáde, wọ́n ní kí n tún un kà.

Mo ní àbúrò kan ní Òjòdú, òkè kejì ló ń gbé. Màá bá a sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìnira mi tó kù ni ínsúlíìnì màmá. Nígbà míì, kí omi tó dé rárá ni iná á ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Omi mímu ńkọ́? Kànga là ń lò.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́

Ẹ ra ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ẹ fi kékeré sínú ńlá, ẹ da iyanrìn sáàárín wọn, ẹ rọ omi sí iyanrìn náà, ẹ fi aṣọ tútù bò ó. Olùkọ́ ará Nàìjíríà kan, Mohammed Bah Abba, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó gba ẹ̀bùn ńlá lórí rẹ̀. Kò gba iná rárá. Ní ti omi kànga, ẹ ju álọ́ọ̀mù sí i, á mọ́ kedere.

Tiṣà Físíìsì

Àbẹ̀kẹ́, òtítọ́ ni ti Bah Abba, ṣùgbọ́n ìhà Jìgáwá lókè ọya ló ti ṣe é, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Ohun tó ń mú ìkòkò yẹn tutù ni omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ẹ ronú aṣọ tí ẹ sá ní Ìṣẹrí nínú oṣù kẹsàn-án: bó bá lo ọjọ́ méjì kó tó gbẹ, ìkòkò náà kò ní tutù tó bí a ṣe rò. Ní àkókò ọyẹ́, á ṣiṣẹ́ gidi. Nínú òjò, ẹ má fi ẹ̀mí màmá lé e lọ́wọ́ nìkan.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bẹntiróòlù kẹ́ẹ̀gì méjì tí Dípọ̀ sọ. Ẹ má gbé e sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí ló ń gbá iná mú, kì í ṣe omi rẹ̀, ó sì máa ń rìn nílẹ̀ títí á fi dé ibi tí sítóòfù wà. Bó bá ṣe pé omi wọlé, kẹ́ẹ̀gì náà á léfòó, á yí dànù, ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìrẹsì bàbá. Jẹnẹrétọ̀ sì nìyí: nígbà tí omi bá gba àgbàlá, àwọn ènìyàn máa ń gbé e wọ kọ́rídọ̀ kó má baà tutù. Gáàsì inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló ń pa ènìyàn. Ó sàn kí ẹ wà nínú òkùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì tó ń lo oòrùn àti páwà báńkì kan tí ẹ ti gba iná sí kún ti tó yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ màmá ni kí a kọ́kọ́ mú.

Ínsúlíìnì tí wọn kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ibùjókòó rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó ń dì sí yìnyín. Bó bá ti dì rí, ẹ má lò ó mọ́, ì báà ti yọ́. Èyí tí màmá ti ń lò lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fíríìjì fún nǹkan bí ọjọ́ 28 bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 30°C lọ. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí tiyín, torí wọn kò dọ́gba. Nítorí náà, iná tó lọ fún ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe òpin ayé fún ìgò tó wà lọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù jù nílé, kí oòrùn má kàn án. Àwọn tó kù tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ gbé wọn lọ sínú fíríìjì àbúrò yín ní Òjòdú láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá ń gbé e rìn, kí ẹ fi aṣọ wé e kó tó wọ fúláàsì oníyìnyín, kí yìnyín má kàn án. Ẹ bá dókítà màmá sọ ọ́ kí wọ́n kọ ti oṣù kan sí i fún yín, kí ẹ má baà máa wá a nígbà tí ojú ọ̀nà ti dí. Abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ṣúgà, àti ṣúgà tàbí súwíìtì fún ìgbà tí ṣúgà ara wọn bá lọ sílẹ̀, inú àpò kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà.

Omi. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ìdọ̀tí rọ sílẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò àìsàn. Omi tó mọ́ kedere lè gbé onígbáméjì. Bí àgbàrá bá ti wọ kànga, ẹ má mu ún mọ́. Bó bá di dandan, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹni tó bá fẹ́ lo kùlọ́ríìnì, kó ra èyí tí wọ́n ṣe fún omi mímu, kó sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ má fi ojú díwọ̀n èyí tí ẹ fi ń fọ aṣọ, torí agbára ìgò kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lójúmọ́, fún mímu, sísè àti ẹnu fífọ̀. Ẹ̀yin mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta, lítà 72 ni. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́ta ti gbé e. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní 20 nínú, lítà mẹ́wàá ni. Ó rọrùn láti gbé rìn, ẹ fi méjì sí i.

Ẹ ra ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, àti sínkì fún àwọn ọmọ. Bí ORS bá tán, lítà kan omi tí ẹ ti sè, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ga. Ẹ má pààrọ̀ iye iyọ̀ àti ti ṣúgà. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ẹ máa fún un mu bí ẹ bá ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Álọ́ọ̀mù yẹn la dàgbà bá, mo rò pé ó ti parí níbẹ̀. Màá sọ fún ìyá mi.

Àdùkẹ́ Houston

Ẹ kú àtijọ́ o. Èmi ń gbé Houston láti 2014. Ìjì Harvey bá mi níbí ní oṣù kẹjọ 2017, ó lé wa jáde. Òtútù oṣù kejì 2021 sì tún bá mi níbí, ó sé wa mọ́lé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Ará Odò Ògùn wọ̀ mí lára. Red Cross tibí náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: ohun tí o máa gbé sá lọ, ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó máa wà nílé, ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní 2021 iná lọ káàkiri Texas, páìpù dì, ó bẹ́. Omi tí mo ti fà sínú agbada ìwẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni àwọn tó kó èédú wọnú ilé láti yá iná, tàbí tí wọ́n tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì. Ohun tí tíṣà sọ yẹn gan-an ló pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i.

Ohun kan tí mo kọ́ nínú Harvey: ìwé. Ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé oògùn màmá. Ẹ yà wọ́n sí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò gbé ní àdúgbò yín, ẹ wá di ojúlówó rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù ìlọ́po méjì. Oúnjẹ lè padà wá. Odidi ọdún kan ni mo fi ń wá ìwé kan ṣoṣo.

Ọmọ Lọ́kọ́jà

Ọmọ Òkun ni mí, Lọ́kọ́jà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí odò Ọya kún ní 2022, omi bo ọ̀nà. Ilé mi wà ní òkè, omi kò kàn mí, síbẹ̀ ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí torí pé ọkọ̀ tó ń kó epo àti oúnjẹ dúró sójú kan. Nǹkan wọ́n débi pé a kò béèrè iye rẹ̀ mọ́, a kàn ń béèrè bóyá ó wà. Nítorí náà ẹ̀yin tí ilé yín wà lókè, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

Owó náà: ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí báńkì, ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ ra oúnjẹ. Ẹ̀yin náà rántí oṣù kejì 2023 tí owó wọ́n, tí ènìyàn ní owó nínú fóònù tí kò lè fi ra ata. Bí kò bá sí iná, ẹ̀rọ POS kì í ṣiṣẹ́. Ẹ di ìwọ̀nba kan mú lọ́wọ́, kó jẹ́ owó kéékèèké, ₦200 àti ₦500. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kò ní ṣẹ́ǹjì.

Dípọ̀ Ọ̀tà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo kó ẹ̀wà yẹn dà sínú ihò láàárọ̀ yìí, mo sì bò ó. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tí Ọmọ Ọjà sọ nípa àwọn ọmọ ló wọ̀ mí lára jù. Màá ra òmíràn, màá fi sí kẹ́ẹ̀gì. Bẹntiróòlù ti kúrò nínú yàrá.

Lórí ìrẹsì, mi ò tíì yí padà. Ọ̀tà tiwa ga. Ẹni tí ebi ti pa àwọn ọmọ rẹ̀ rí kò lè sùn nínú ilé tó ṣófo.

Ará Odò Ògùn

Kò sẹ́ni tó ní kí o sùn nínú ilé tó ṣófo, Dípọ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ dúró sí ni kí o fi pinnu.

Ìyá Ìbejì, ohun kan ṣẹ́kù. Ẹ dá àmì kan tí gbogbo ilé mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí omi bá mọ́lé ní àdúgbò wa, kì í ṣe pé wọn kò rí i, ńṣe ni wọ́n ń sọ pé "ó máa tó fà". Ẹ mú ibì kan lára àtẹ̀gùn, kí ẹ sọ pé bó bá ti kàn án, a ti lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ òru. Kí ẹ pa iná láti ibi mítà kí ẹ tó jáde, kí omi tó dé ibi ihò iná. Kí nọ́ńbà 112 wà lórí fóònù àkọ́bí náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìṣẹrí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n padà wá jábọ̀ fún yín.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jókòó, a pín owó náà. A kò ra àpò ìrẹsì. A ra ẹ̀wà tó kún kẹ́ẹ̀gì kan àti ìrẹsì tó kún kẹ́ẹ̀gì kan, a fi àbẹ́là dí wọn gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ọjà ti sọ, a kó wọn lọ sí Òjòdú, sábẹ́ ibùsùn àbúrò mi. Bí omi kò bá wá lọ́dún yìí, a óò kó wọn padà nígbà Kérésì, a óò jẹ wọ́n. Nílé, àwa ní gàrí rọ́bà kan, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, ṣúgà, mílíìkì oníyẹ̀fun, àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta. Bàbá kan ìṣó sókè ilẹ̀kùn fún rọ́bà gàrí. Àgbà Ìbàdàn, wọ́n ní kí n kí yín.

Ínsúlíìnì mẹ́ta ti wà ní fíríìjì Òjòdú. Àpò màmá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn fúnra wọn ló di í, wọ́n sì ti tú u lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá ohun gbogbo pé. Ìwé ti wà nínú náílọ́ọ̀nù. Ọ̀kẹ́ méjì náírà, ìyẹn ₦40,000, wà lọ́wọ́ ní ₦200 àti ₦500. Èyí tó kù wà ní báńkì.

Lánàá, àkọ́bí wa fi ọ̀dà pupa fa ilà sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó fà á sórí ìkejì, pé àkọ́kọ́ ti yá jù. Màmá ní àkọ́kọ́ ni, torí àwọn kò lè yára rìn. A fi sílẹ̀ sí àkọ́kọ́.